Òróró Tí Bàbá Pavia Fi Ń Pa Egungun

Egungun ẹran kan tó ti kú ṣáájú kí wọ́n tó bí bàbá bàbá ẹnikẹ́ni nínú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́rìí èké mọ́ ọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Ìṣojú mi ni. Ìlú kékeré kan ní etíkun Greenland ló ti ṣẹlẹ̀, nínú oṣù Keje ọdún tó kọjá, lásìkò tí oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ rárá. Ọkùnrin náà ni Bàbá Pavia, ọdẹ òkun tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ẹni tó gbé egungun náà lọ síwájú ẹ̀rọ àyẹ̀wò ni Dókítà Rìsíkátù, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ń fi egungun mọ ohun tí ẹran jẹ, ọmọ Ìyá Rìsí tó ń ta pánlá ní Ìsọlọ̀, tí mo mọ̀ láti ìgbà tó ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ìròyìn. Mo ti kọ nípa iná, omíyalé, ìdìbò àti ọkọ̀ àjàgbé tó ṣubú ní ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ní Ìsọlọ̀. Mi ò kọ nípa ohun tí ẹran tó ti kú jẹ rí. Rìsí ló pè mí lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìgbà lẹ máa ń bi mí pé kí ni mò ń wá nílẹ̀ yìnyín. Ẹ kúkú wá wò ó. Tí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ ó ní mò ń pa àlọ́."

"Ṣé òtútù ò ní pa mí?"

"Kò pa èmi tí mo tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀. Ẹ̀yin pẹ̀lú ikùn yẹn lẹ wá ń bẹ̀rù?"

Bí mo ṣe lọ nìyẹn.

Ohun tó wà nílẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Apá òkun kan wọ inú ilẹ̀ láàárín òkè méjì níwájú ìlú náà. Ọ̀sà ni mo máa pè é níhìn-ín. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ gbẹ́ ìsàlẹ̀ ọ̀sà yìí kí ọkọ̀ ojú omi ńláńlá lè máa gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran òkun kan wà tó máa ń wá síbẹ̀, wọ́rọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Ó tóbi ju màlúù lọ, ó ní eyín méjì gígùn bí ti erin, irùngbọ̀n rẹ̀ sì le ganganran. Ilé-iṣẹ́ náà ní ẹran yìí kàn ń sinmi níbẹ̀ ni, pé òkun jíjìn ló ti ń jẹun. Bàbá Pavia ní irọ́ ni. Ó ní ọ̀sà yẹn ni àwo oúnjẹ rẹ̀ láti ayé àwọn baba ńlá òun. Tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ, ẹran á lọ, iṣẹ́ ọdẹ á sì tán ní ìlú náà. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójútó ẹran òkun ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí mú un wá.

Òórùn tí mo mọ̀

Ohun tó kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ ní etíkun náà ni òórùn. Wọ́n sá ẹja sórí igi gbọọrọ lẹ́yìn ilé kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí i, ó ń gbẹ. Mo dúró pẹ̀lú àpò mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn gbogbo ọ̀nà jíjìn yẹn, ìsọ̀ Ìyá Rìsí ni imú mi gbé mi lọ, níbi tí mo ti máa ń dúró sọ̀rọ̀ ìlú pẹ̀lú màmá náà nígbà tó bá ń fi àdá ṣá pánlá sí wẹ́wẹ́.

"Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ?" ni Rìsí bi mí. "Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débí, mo sunkún."

Àwọn ilé náà pupa, àwọn mìíràn ní àwọ̀ aró, wọ́n tò sórí àpáta bí páálí ìṣáná. Wọn ò tó ilé tó wà ní òpópónà kan ṣoṣo ní Àjàó Estate. Kò sí igi kankan. Yìnyín tó tóbi tó ilé alájà mẹ́ta ń léfòó lórí omi, kò sí ẹni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù lọ ni ìdákẹ́jẹ́. Àwa tí a ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfurufú ti mọ bí a ṣe ń dá ọ̀rọ̀ dúró láàárín gbólóhùn kí bàálù fi kọjá, ká tó máa bá a lọ. Ní Greenland, mo ṣì ń dá ọ̀rọ̀ dúró. Mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é àfi ìgbà tí Malik bi mí pé kí ni mò ń gbọ́.

Malik ni àkọ́bí Bàbá Pavia, ọkùnrin tó ti bí ọmọ mẹ́ta. Òun ló ń wa ọkọ̀ ojú omi fún Rìsí, òun náà ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wa sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó sọ orúkọ rẹ̀, inú mi dùn.

"Mùsùlùmí ni ẹ́? Ìwọ àti Dókítà ti wá jọ wà nìyẹn."

Ó mi orí. "Ní èdè wa, ìgbì òkun ló túmọ̀ sí."

"Mo bi í ní ìbéèrè yẹn náà," ni Rìsí wí, "mo tiẹ̀ ti na ẹní ìrun fún un."

Aago Ìsọlọ̀ ni Rìsí fi ń kírun níbẹ̀, nítorí oòrùn tó yẹ kó máa wọ̀ kọ̀, kò wọ̀. Ó ní aago méjì wà lọ́wọ́ òun, ọ̀kan fún iṣẹ́, ọ̀kan fún Ọlọ́run àti ìyá òun.

Ohun tó bọ́ sílẹ̀

Lọ́dọ̀ wa, bí èèyàn bá wọ ilé àgbà tí kò kí i dáadáa, wọn ò kọ́ ẹni náà nílé nìyẹn. Mo dé ẹnu ọ̀nà Bàbá Pavia, mo bẹ̀rẹ̀: ẹ kú ilé o, ẹ kú àlejò, ẹ kú òtútù, ẹ kú ìdúró dè wá. Mo wá dọ̀bálẹ̀. Mo ti na gbogbo ara tán nígbà tí mo gbọ́ tí àga dún. Mo gbójú sókè. Bàbá náà ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo abẹ́ tábìlì.

"Kí ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?" ló bi ọmọ rẹ̀.

Rìsí rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Nígbà tí Malik ṣàlàyé, bàbá náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ó sì ní: "Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ tó báyìí lẹ́nu ọ̀nà, òkú ló ń wá túfọ̀. Ẹ sọ fún un kó jókòó."

Ní ìlú náà, o kàn máa wọlé ni. Wọn ò kan ilẹ̀kùn. O jókòó, wọ́n á bu kọfí fún ọ, gbogbo yín á sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà ni ìkíni. Ọjọ́ mélòó kan kọjá kí ara mi tó gbà á. Èmi oníròyìn, tí ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ iṣẹ́ mi! Mo bi Bàbá Pavia bóyá ó ti ń ṣọdẹ láti kékeré. Kò dáhùn. Mo tún bi í. Kò dáhùn. Ìgbà kẹta, Malik fọwọ́ kàn mí.

"Ó ti dá ọ lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta. O ò rí ìpéǹpéjú rẹ̀?"

Bí wọ́n bá gbé ìpéǹpéjú sókè, bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn. Bí wọ́n bá fún imú pọ̀, rárá ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ojú sílẹ̀ nínú ìwé mi, tí mi ò kọ ẹnu nìkan mọ́.

Irun orí mi

Ẹran tí wọ́n ń jẹ jù ni síìlì, ẹran òkun kan tí ojú rẹ̀ jọ ti ajá. Wọ́n sè é pẹ̀lú ìrẹsì àti àlùbọ́sà nínú omi iyọ̀. Ó dúdú, ó wúwo lẹ́nu bí ẹ̀dọ̀. Rìsí yọ ata gígún láti inú àpò rẹ̀, ó wọ́n ọn sí tèmi. Bàbá Pavia na ṣíbí, ó tọ́ ọ wò. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ohun yìí ṣì wà láàyè," ló wí. Ó tún na ṣíbí.

Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, àlá ẹ̀kọ tútù ni mò ń lá. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́, ẹ̀kọ lásán nínú ewé. Mo sọ ọ́ fún Rìsí. Kò bá mi kẹ́dùn. Sísọ́ọ̀sì ló mú, ó gé irun díẹ̀ lẹ́yìn orí mi.

"Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀kọ yín hàn yín."

Bó ṣe là á yé mi nìyí, mo sì kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. "Gbogbo oúnjẹ ló ní kábọ́ọ̀nù nínú, ohun kan náà tó pọ̀ nínú èédú. Ẹ jẹ́ ká ní ìbejì ni kábọ́ọ̀nù, Táíwò àti Kẹ́hìndé. Ojú kan náà, ìwà kan náà, àmọ́ ọ̀kan fi díẹ̀ wúwo ju èkejì lọ. Kò sí èyí tó ń jẹrà nínú wọn, kò sí èyí tó ń di nǹkan mìíràn. Ìyẹn là ń pè ní ísótóòpù tí kì í yẹ̀. Àgbàdo máa ń kó èyí tó wúwo jọ ju ìrẹsì tàbí ẹ̀gẹ́ lọ. Bí ẹ bá ń jẹ ẹ̀kọ, irun yín á gbà á sílẹ̀. Inú òkun náà ní tirẹ̀. Ìṣáwùrú tó ń gbé nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀sà ní èyí tó wúwo lára ju ohun tó ń lúwẹ̀ẹ́ lójú òkun jíjìn lọ. Ẹran tó bá jẹ ẹ́, egungun rẹ̀ ò lè bò ó."

"Irun mi yìí ńkọ́?"

"Irun kì í gùn ju fífẹ̀ èékánná ìka kékeré lọ lóṣù kan. Ìsọlọ̀ ló ṣì wà lórí yín, Ẹ̀gbọ́n. Ìdí rẹ̀ nìkan ni Greenland ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀."

Mi ò lè sọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lára mi. Mo ń fọwọ́ pa orí mi bí ẹni tó rí lẹ́tà ilé gbà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí mo padà dé, onígbàjámọ̀ mi ní Èjìgbò fá orí mi bó ṣe máa ń fá a, ó gbá irun náà jọ pẹ̀lú ti àwọn yòókù, ó dà á nù. Ìgbà tí mo délé ni mo rántí pé gbogbo oúnjẹ Bàbá Pavia ló bá a lọ.

Irùngbọ̀n wọ́rọ́ọ̀sì náà ń ṣe bí irun wa. Rìsí ti wọn ti àwọn tí ọdẹ pa ní ọdún tó ṣáájú. Ìṣáwùrú ọ̀sà ló kún inú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ wá yí ọ̀rọ̀ padà: wọ́n ní àlejò àná ni àwọn ẹran wọ̀nyí, pé ayé tó ń móoru ló lé wọn débẹ̀, pé àwọn ti àtijọ́ kò jẹun nínú ọ̀sà yẹn rí. Ohun kan ṣoṣo tó lè dá wọn lóhùn wà lára ògiri Bàbá Pavia. Agbárí wọ́rọ́ọ̀sì ni, pẹ̀lú eyín gígùn rẹ̀ méjèèjì. Bàbá rẹ̀ ló hú u jáde nínú ààtàn ilé àwọn ará àtijọ́ tó wà lẹ́bàá ọ̀sà, ó gbé e kọ́ kó máa wo òkun. Rìsí ti ha ìwọ̀nba díẹ̀ lára egungun náà lọ́dún tó ṣáájú. Bàbá náà ti kìlọ̀ pé kó má fọwọ́ kan eyín. Èsì ni a ń retí.

Èsì

Èsì dé ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru bo ọ̀sà. Rìsí wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí. Kọfí rẹ̀ tutù.

"Egungun ti gbè ilé-iṣẹ́," ló wí. "Ó ní òkun jíjìn ni. Kò tiẹ̀ jọ ti ọ̀sà rárá."

"Ṣé o máa fi í pamọ́ ni?"

Ó wò mí bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń wo oníbàárà tó bá ní pánlá ti bàjẹ́. "Ẹ̀gbọ́n! Ohun tí ẹ̀rọ bá sọ ni mo máa kọ. Kí ni mo kúrò nílé fún?"

Ṣùgbọ́n kò lè lọ sí ilé bàbá náà lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ márùn-ún péré ló kù kí obìnrin tó ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ìjọba dé, kó wá gbọ́ tẹnu àwọn ará ìlú. Rìsí sọ fún Malik. Malik jáde lọ ba lórí àpáta, ó ń wo ibi tí ọ̀sà wà nínú kùrukùru.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá náà fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pè wá. Ó ní àlejò kì í ti òkè òkun wá kó máà rí agbárí náà dáadáa. Nígbà tí a wọlé, ó ti gbé e sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri. Ó gbé e lé itan bí ẹni gbé ọmọ tó fẹ́ wẹ̀. Agolo kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ki àkísà bọ inú agolo náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa agbárí náà, díẹ̀díẹ̀, láti iwájú orí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Egungun náà ń dán.

Rìsí na ọrùn. "Malik, kí ló wà nínú agolo yẹn?"

"Òróró síìlì."

"Ọdọọdún ló máa ń ṣe é?"

Bàbá Pavia gbé ìpéǹpéjú sókè. Ó ní bàbá òun náà máa ń ṣe é, kí egungun má baà sán. Ó ní a kì í jẹ́ kí ara àgbà gbẹ.

"Yéè!" Rìsí fi ọwọ́ méjèèjì lé orí. Yorùbá ló fi sọ̀rọ̀, kò mọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, òróró ló ń sọ̀rọ̀! Kì í ṣe egungun!"

Ó ní inú ọ̀rá, èyí tó fúyẹ́ nínú ìbejì náà ló máa ń pọ̀. Bí ọ̀rá bá ti wọnú egungun, yóò jọ pé òkun jíjìn ni ẹran náà ti jẹun. Egungun tó bá ti pẹ́ nínú ilẹ̀ kì í sábà ní ọ̀rá mọ́. Nítorí náà ni òun kò ṣe fọ ọ̀rá kúrò lára èyí kó tó dé iwájú ẹ̀rọ. "Àṣìṣe tèmi ni. Mo ti jókòó sí yàrá yìí nígbà tí mo ha á, mi ò bi wọ́n."

"Ṣé kò ṣeé fọ̀ báyìí?"

"Ó ṣeé fọ̀. Àmọ́ wọ́n á ní mo fọ̀ ọ́ títí ó fi sọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́."

Ibì kan ṣoṣo ló kù tí òróró kò lè dé: àárín eyín gígùn náà, tó le bí òkúta. Wọ́n ní láti gé e. Malik túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Àkísà náà dúró lójú kan.

Bàbá náà gbé agbárí náà padà sára ògiri, ó ní ká lọ.

Nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé

Gbogbo ìlú ló wá. Obìnrin tó ti ọ́fíìsì ìjọba wá jókòó síwájú pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọkùnrin tó ń ṣojú fún ilé-iṣẹ́, bàtà rẹ̀ mọ́ ju tábìlì lọ. Rìsí ka èsì rẹ̀ bí ó ṣe rí, kò fi nǹkan kan pamọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ òróró, ó sì sọ àṣìṣe tirẹ̀.

Bàbá Pavia dìde. Ó gbé agbárí náà dání, ó fi aṣọ bò ó.

"Èmi ni mo pa á ní òróró," ló wí. "Bàbá mi pa á. Ẹnikẹ́ni ò rán wa."

Ọkùnrin ilé-iṣẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ó túmọ̀ sí pé gbogbo ọdún wọ̀nyí lẹ fi ń bọ́ egungun."

"Mo bọ́ ọ," ni bàbá náà fèsì. "Ìwọ lo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ọmọ rẹ̀."

Mo wo ojú àwọn ará ìlú. Gbogbo ìpéǹpéjú ló wà lókè. Obìnrin ìjọba bi bàbá náà bóyá ó gbà kí wọ́n gé ọ̀kan nínú eyín méjèèjì níṣojú gbogbo èèyàn. Bàbá Pavia ṣí aṣọ kúrò. Ó wo agbárí náà, ó wo Malik, ó sì wo ojú fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà. Ìpéǹpéjú rẹ̀ gbéra sókè.

Ayùn kékeré ni Rìsí lò. Ó dúró lẹ́ẹ̀kan láti nu ojú. Malik ló di agbárí náà mú. Bàbá náà ò wo ibẹ̀. Èmi ló ń wò. Nígbà tí eyín náà já, ó na ọwọ́ sí mi, mo dì í mú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí ti ọmọdé, nítorí òróró. Àárín eyín náà funfun bí ẹ̀kọ. Obìnrin ìjọba pín in sínú àpò mẹ́ta, ó lẹ̀ wọ́n, ó buwọ́ lù wọ́n. Ó ní ilé àyẹ̀wò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa lọ, kò sì ní sí ti Rìsí nínú wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó lọ́wọ́ sí èsì náà.

Ohun tí ọ́fíìsì sọ

Mo ti padà sí Àjàó Estate báyìí. Àwọn bàálù ń kọjá lórí ilé, mo sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ, mi ò dúró fún wọn mọ́. Ìyàwó mi ní mò ń pariwo. Nígbà mìíràn mo máa ń lọ dúró ní ìsọ̀ Ìyá Rìsí, mi ò ra nǹkan kan, mo kàn ń fa òórùn náà símú. Màmá náà mọ̀. "Ẹ jókòó, Bàbá oníròyìn," ló máa ń wí, á tún máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. A lè wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí èmi má sọ ohunkóhun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Rìsí fi ìwé tí ọ́fíìsì ìjọba náà kọ sí ìlú ránṣẹ́ sí mi. Àpò kìíní ti sọ̀rọ̀: ìṣáwùrú inú ọ̀sà ni ẹran àtijọ́ náà jẹ. Àpò méjì kù. Ọ́fíìsì ní ọkọ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ gbẹ́ ìsàlẹ̀ ọ̀sà náà títí èsì àwọn méjèèjì á fi dé, pé ìgbà tí yìnyín bá tún yọ́ lójú omi ni wọn yóò dá ẹjọ́ náà ní gbọ̀ngàn kan náà. Agbárí tí obìnrin ìjọba gbé lọ á padà sí ilé Bàbá Pavia pẹ̀lú eyín kan ṣoṣo tó kù.

Wọ́n wá fi àṣẹ kan kún un fún gbogbo ilé tó bá ní egungun àtijọ́. Láti ìsinsìnyí lọ, kí ẹnikẹ́ni má fi òróró pa á mọ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Bó bá ń sán, ni wọ́n wí, kí wọ́n jẹ́ kó sán.